Ṣúgà Màmá ga lẹ́yìn ikú Bàbá: ṣé oògùn ni ká yí padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí màmá wa ti ní àtọ̀gbẹ, oògùn sì ń kápá rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, ṣúgà wọn ń tó 280 mg/dL láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Wọn kì í sùn, wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ṣé ká gba oògùn tó le ju èyí lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Kí ẹ tó lé oògùn kún oògùn, ẹ kọ́kọ́ ka iye hóró oògùn tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Mo bẹ ìyá kan wò nílé rí, níhà Kábà. Wọ́n ní àwọn ń lo oògùn àtọ̀gbẹ wọn lójoojúmọ́. Nígbà tí mo da páálí wọn sórí ẹní, oògùn tó yẹ kó ti tán lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ṣì kù ju ìdajì lọ. Wọn ò purọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, àná àti òní lè dọ́gba lójú rẹ̀.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń lò ó, ìbànújẹ́ àti àìsùn ń mú kí ara tú èròjà wàhálà kan tí wọ́n ń pè ní cortisol jáde, ìyẹn á sì mú kí ẹ̀dọ̀ máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, bí ènìyàn ò tilẹ̀ fẹnu kan oúnjẹ. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ náà ń ṣílẹ̀kùn fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bó bá jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin ni wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, ó lè dín fítámìn B12 kù lára, kó máa rẹ̀ wọ́n. Ẹ bi dókítà nípa ìyẹn.

Bí ẹ bá dé ọsibítù, ní Ẹ̀gbẹ̀ o, ní Lọ́kọ́ja o, ẹ má sọ ti ṣúgà nìkan. Ẹ sọ ti oorun, ẹ sọ ìgbà tí Bàbá kú. Ìbéèrè 9 kan wà, PHQ-9, tí wọ́n fi ń yẹ bí ọkàn ènìyàn ti rí láti ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn wò. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n pe Màmá ní wèrè. Ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ ilé wa lẹ́nu mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an.

Bí wọ́n bá ń bì, tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, tàbí tí wọ́n ń sọ pé káwọn tẹ̀lé Bàbá lọ, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní báyìí ná, ẹ má dá oògùn wọn dúró. Ẹ wá ọmọ-ọmọ kan tí yóò máa bá wọn jẹun àárọ̀, tí yóò sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé oògùn mì.