Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣàdédé wá fín oògùn ẹ̀fọn sí àdúgbò wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a kàn gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì lójú títì. Ká tó yọjú, èéfín ti bo gbogbo ojúlé: ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fín oògùn ẹ̀fọn kọjá. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa. Ọmọ mi ọkùnrin ní ikọ́ fée, ilé oyin mẹ́rin sì wà lẹ́yìnkùlé mi. Ṣé òfin fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀? Ṣé mo lè ní kí wọ́n fo ojúlé tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti oyin ni n ó kọ́kọ́ mú, torí pé kò ṣeé fi falẹ̀, lẹ́yìn náà ni n ó bọ́ sórí òfin.

Lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ kọ ojúlé yín sínú rẹ̀, ẹ sọ pé ẹni tó ní ikọ́ fée ń gbé ibẹ̀, pé oyin wà níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ àti wákàtí tó yín létí ṣáájú. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan fún yín. Mo tẹnu mọ́ lẹ́tà nítorí pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò mọ̀ yín rí. Ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ mú ọmọ wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa ẹ̀rọ tó bá ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, kí oògùn tó máa ń fà símú nígbà tí èémí bá há sì wà nítòsí. Ní ti oyin, ẹ rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, ẹ fi bo ilé wọn lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti wọlé tán, kí ẹ sì ṣí i kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ooru nìkan tó láti pa wọ́n.

Ó wá ku òfin. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni àṣẹ. Àṣẹ náà pín sí ọwọ́ púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àjọ ìjọba àpapọ̀ ló máa ń sọ oògùn tó ṣeé tà àti bí a ṣe gbọ́dọ̀ lò ó. Ìjọba ìbílẹ̀ kò lè fọwọ́ sí oògùn tí àjọ yẹn kò fọwọ́ sí. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ ni bóyá kí wọ́n fín in rárá, ibi tí wọ́n máa fín, àkókò rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n máa kìlọ̀ fún. Bóyá ó tún lè ṣe òfin tirẹ̀ tó le ju ti òkè lọ, ìyẹn yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Kánádà, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hudson, ní Quebec, ṣòfin lọ́dún 1991 pé kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn apakòkòrò láìnídìí pàtàkì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú koríko pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà dá ìlú náà láre. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti sọ lọ́dún 1991 pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi òfin tiwọn gbà á padà. Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ọ̀dọ̀ ta ni òfin tó de ìfínkiri yìí ti wá.

Ìwé kan wà tó lágbára ju bí wọ́n ṣe ń fojú wò ó lọ: ìwé ìlò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì oògùn náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó máa ń sọ ìwọ̀n tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò, bí afẹ́fẹ́ ṣe lè lágbára mọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, bí ó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí odò, àti wákàtí tí oyin kì í sí lóde. Ẹni tó bá lò ó yàtọ̀ sí bó ṣe wà níbẹ̀ ti rúfin, ìjọba ìbílẹ̀ ì báà ló rán an. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Kì í ṣe àṣírí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dorchester County, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù àrùn Zika, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ló ń bà wọ́n. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi fín oògùn, lálẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Ògún ọdún 2016, wọ́n gbé bàálù dìde, wọ́n fi fín oògùn tí wọ́n ń pè ní naled, nígbà tí oyin ti jáde lọ wá oúnjẹ. Nínú oko kan ṣoṣo, ilé oyin 46 ló parun. Òkú oyin tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni wọ́n ń gbá nílẹ̀. Àwọn alákòóso gbà pé ìkìlọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo olóyin tó yẹ kó dé. Oògùn náà kò lòdì sófin o. Wákàtí tí wọ́n yàn àti ìkìlọ̀ tó já ni wọ́n fi ṣe jàǹbá, méjèèjì sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ní ti kí wọ́n fo ojúlé yín, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ní ìwé orúkọ àwọn tí wọn kò ní fín ilé wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi yín sí i. Àmọ́ n kò ní tàn yín: èéfín kò mọ ọgbà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ti ẹnu ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó dé ẹ̀gbẹ́ ilé yín, kí wọ́n má ṣí i títí wọ́n á fi kọjá dáadáa. Bí àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri bá sì bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò, òfin sábà máa ń gbà wọ́n láyè láti fín gbogbo ilé, mo sì fara mọ́ ìyẹn, ìkìlọ̀ ṣáà gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ tún bi wọ́n pé ẹ̀fọn tàbí tanwíji mélòó ni wọ́n kà ládùúgbò kí wọ́n tó fín in. Àdúgbò kan pè mí nígbà kan pé ọkọ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀fọn kò dínkù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ògbólógbòó kan, mo fi ife funfun bu omi inú rẹ̀. Bí òjìji mi ṣe bọ́ sórí ife, gbogbo tanwíji tó dorí kodò lójú omi bá ń yí ara lọ sísàlẹ̀. Èéfín kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ẹ̀fọn tó ń fò lójú ẹsẹ̀ ni èéfín ń pa, kò sì pẹ́ tó fi ń pòórá. Ẹyin ẹ̀fọn sì lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá bí ooru bá wà. Kódà, ọ̀sán ni ẹ̀fọn Aedes tó ń gbé ibà dengue kiri sábà máa ń jẹni, nígbà tó sì jẹ́ pé alẹ́ ni ọkọ̀ ń jáde. Bí wọ́n bá sì ń lo ẹ̀yà oògùn kan náà lọ́dọọdún, ó lè di pé oògùn náà kò ní ran ẹ̀fọn mọ́.

Ohun tí mo máa ń rọ ìjọba ìbílẹ̀ sí ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú omi: kí wọ́n da èyí tó ṣeé dà nù, kí wọ́n fi Bti sí èyí tí kò ṣeé dà nù. Bakitéríà ni Bti. Aginjù Negev ní Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1976. Tanwíji tó bá jẹ ẹ́ á kú, kò sì ń ṣe oyin tàbí ẹja ní nǹkan kan.

Ìgbà tí wọ́n bá ń jókòó lórí owó ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín, kí wọ́n tó bu owó lé èéfín. Ẹ mú lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé ara kẹ́ẹ̀gì náà dání, kí ẹ sì ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ oyin sókè sí wọn létí.