Ògiri ìta àti ilẹ̀ inú ilé kì í gbó bákan náà

Ẹnì kan béèrè bí òun ṣe lè mú kí ilé mọ́dẹ́ẹ̀lì òun, ìyẹn ilé kékeré tí a fi pákó ṣe ní àwòkọ́ ilé gidi, rí bí ògbólógbòó. Ó ní òun fi íǹkì dúdú tí òun pò mọ́ sípírítì kun gbogbo pákó rẹ̀, àti ògiri àti ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbẹ tán, gbogbo rẹ̀ kàn rí bí ohun tí eruku bò. Ẹ má da íǹkì yẹn nù, kò ní àbùkù. Ohun kan ṣoṣo lẹ fi sọ gbogbo ilé di ògbólógbòó, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jẹ ògiri ìta kọ́ ló ń jẹ ilẹ̀ inú ilé.

Oòrùn àti òjò ló ń sọ pákó di àwọ̀ eérú. Oòrùn á fọ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lignin, tó di ara igi mú, òjò á fọ̀ ọ́ dànù, ohun tó bá ṣẹ́kù lójú igi á wá máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì kò dé kì í di eérú. Ìdí nìyẹn tí pákó abẹ́ etí òrùlé fi máa ń pọ́n nígbà tí ti àárín ògiri ti ṣí, tí ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí òjò ti ń ta ẹrẹ̀ sí i lára, fi máa ń dúdú jù. Ti inú ilé yàtọ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ ènìyàn, iyanrìn abẹ́ bàtà, epo ẹ̀rọ àti ìgbálẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Á máa pọ́n, á máa dúdú, ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà á sì máa dán. Èmi kì í fi àwọ̀ eérú kan ilẹ̀ inú ilé rárá, àfi tí òrùlé ilé náà bá ti ṣí tí òjò ń wọlé.

Ilẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń gba sùúrù jù. Ẹ kun pákó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti kàn, àwọ̀ kò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fà á lọ síbi tí ìlà ara igi kọrí sí, ẹ má fà á dábùú. Ọwọ́ fẹ́lẹ́ ni o! Ní ìwọ̀n 1:48, níbi tí mìlímítà kan lára mọ́dẹ́ẹ̀lì ti dúró fún mìlímítà 48 nínú ilé gidi, kòtò tó jìn ní ìdajì mìlímítà dúró fún mìlímítà 24 nínú ilé gidi. Ẹsẹ̀ á kọ níbẹ̀. Tí ojú yín bá rí ìlà náà, tí ìka yín kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ó ti tó.

Ṣíbí tíì kan íǹkì sí ìdajì lítà sípírítì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí, níbi tí iná kò sí. Bó bá ṣì tutù, á dà bíi pé ó ti dúdú jù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ máa tún un kùn. Mo fara mọ́ sípírítì ju omi lọ, torí omi a máa wú ara igi, a sì máa jẹ́ kí pákó tínínrín kákò. Síbẹ̀, ẹ kun iwájú àti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì fi ohun tó wúwo tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Fún ilẹ̀, ẹ fi íǹkì búráùn kún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí pákó mélòó kan pọ́n ju àwọn yòókù lọ. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ rẹ kànrìnkàn onírin sínú fíníga, kẹ́ ẹ sì fi fíníga náà kun pákó. Ó dára, àmọ́ tánínì, èròjà kan tó wà nínú igi àti nínú tíì, ló ń bá ṣiṣẹ́, balsa àti basswood, igi méjì tí a sábà ń fi ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì, kò sì ní in púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi tíì tó ki dáadáa kun pákó náà, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi fíníga yẹn lé e. Ẹ má dé ìgò rẹ̀ pa, torí ó ń tú gáàsì jáde.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ ilẹ̀ tán, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi ara yín pé ta ló ń lo ilé yìí, ibo ló sì ń rìn sí. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì iṣẹ́, láti ìdí tábìlì dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha ojú ọ̀nà yẹn díẹ̀, kẹ́ ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún títí yóò fi dán. Etí ògiri tí ìgbálẹ̀ kì í dé, ẹ jẹ́ kó dúdú. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti gbé kúrò á ṣì ní àwọ̀ àkọ́kọ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ á sì hàn kedere. Ibi kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ń sọ ìtàn ilé ju gbogbo ìdọ̀tí tẹ́ ẹ lè dà sílẹ̀ lọ. Lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kán ọ̀dà elépo dúdú tí ẹ fi tọpintáìnì là. Á fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ìlà ara igi.

Ògiri kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ bó, ẹ kọ́kọ́ sọ pákó di àwọ̀ eérú, kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi tọpintáìnì pa á lójú fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ìyẹn tó gbẹ tán, ẹ fi ọ̀dà olómi lù ú lórí. Tí ọ̀dà kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn kẹ́ ẹ já a kúrò. Ẹ já a púpọ̀ nísàlẹ̀ àti níhà tí oòrùn ń pa, ẹ fi abẹ́ etí òrùlé sílẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì búráùn ni mo fi ń ṣe ẹrẹ̀ tí òjò ta. Ihò ìṣó gbọ́dọ̀ tò sórí òpó inú ògiri: nínú ọ̀pọ̀ ilé onípákó ní Amẹ́ríkà, íǹṣì 16 ló wà láàárín òpó kan sí èkejì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 8.5 ní 1:48.

Fáníìsì tí kì í dán ló kẹ́yìn. Ó máa ń pa ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì rẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà kọ́kọ́ pọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ. Sípírítì kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ lẹ́yìn náà, torí ó lè mú kí ojú fáníìsì funfun. Kẹ́ ẹ sì tó fọ́n ọn, ẹ fi pépà bo ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ ti nù lórí ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo dídán rẹ̀ á lọ.