Ta ni sàká di ọ̀ranyàn lé lórí, àwọn wo ni a sì ń fún?

Sàká, ìyẹn ìpín tí Mùsùlùmí ń yọ nínú ọrọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó tọ́ sí, jẹ́ ọ̀kan nínú òpó márùn-ún tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dúró lé. Ó di ọ̀ranyàn fún Mùsùlùmí tí owó tàbí wúrà ọwọ́ rẹ̀ bá tó ìwọ̀n tí à ń pè ní nìsábù, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 85 wúrà tàbí iye owó tó bá a dọ́gba, tí ọdún òṣùpá kan gbáko sì ti kọjá lé e lórí. Ìdá kan nínú ogójì ni yóò yọ. Ti irè oko yàtọ̀: ọjọ́ ìkórè ni a ń yọ ọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ó bá jẹ́ òjò ló bomi rin ín, ìdá kan nínú ogún bí àgbẹ̀ bá ṣe wàhálà omi fúnra rẹ̀.

Kùránì (orí 9, ẹsẹ 60) ka oríṣi ènìyàn mẹ́jọ tí ó tọ́ sí, lára wọn ni tálákà, onígbèsè àti arìnrìn-àjò tí owó tán mọ́ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kà á sí ojú àánú lásán, nítorí ẹ̀tọ́ wọn ni nínú owó náà. A kì í sì fi gbọ́ bùkátà òbí tàbí ọmọ ẹni, torí pé ojúṣe ẹni ni wọ́n tẹ́lẹ̀.