Ilẹ̀ gíga àti odò ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kí etíkun tẹ̀ lé e

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ya máàpù ilẹ̀ ńlá kan tí kò sí láyé, níbi tí ìtàn tí ẹ ń kọ ti wáyé. Ẹ ní etíkun rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, àmọ́ bí ẹ bá ti fi òkè àti odò sí i, gbogbo rẹ̀ á dà bí irọ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kúkú lọ lo kọ̀ǹpútà. Ẹ má lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya irú máàpù yìí, ohun tí mo sì rí ni pé ọwọ́ yín kọ́ ló ní wàhálà. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni. Etíkun ni ẹ kọ́kọ́ yà, ẹ wá ń wá ibi tí ẹ máa ki òkè bọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ mú bébà lásán àti pẹ́ńsù, kí ẹ fa ilà fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tó ga jù lórí ilẹ̀ náà, bí egungun ẹ̀yìn ẹja. Ẹ má tíì ya òkè kankan. Láti ibi ilà yẹn ni kí ẹ ti fa odò sọ̀kalẹ̀. Omi kì í gun òkè. Odò a máa pàdé odò kó di ọ̀kan. Kì í sábà pín sí méjì láàrin ọ̀nà kí ọ̀kan lọ sí òkun ìlà-oòrùn kí èkejì lọ sí ti ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí ẹrẹ̀ àti iyanrìn sì ti dí ọ̀nà, ló ti máa ń fọ́n ká sí ẹ̀ka, bí Odò Ọya ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ àwọn Ìjọ (Ijaw) kó tó wọ òkun. Bí ẹ bá rí máàpù tí odò kan ti la ilẹ̀ já láti òkun sí òkun, ojú yín á kọ̀ ọ́ kí ẹ tó mọ ìdí.

Ẹ lè máa rò pé irú òfin báyìí á mú kí ilẹ̀ yín rí bákan náà pẹ̀lú ti gbogbo ayé. Ẹ wo Odò Ọya. Orí òkè ní Gíní ló ti ṣẹ̀, níbi tí kò ju nǹkan bíi 240 kìlómítà lọ sí òkun Àtìláńtíìkì. Síbẹ̀ ó kọ ẹ̀yìn sí òkun yẹn. Ó gba àríwá ìlà-oòrùn lọ sí etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ó fọ́n ká di àbàtà ní Màlì, ó kọjá nítòsí Tìmbúktù, ó wá ṣẹ́rí wálẹ̀, ó pàdé Bẹ́núè ní Lọ́kọ́ja kó tó rí òkun. Gbogbo ìrìn náà tó nǹkan bíi 4,180 kìlómítà. Ibi tí ilẹ̀ dà sí ló ń tẹ̀ lé látòkèdélẹ̀, kò sì sí aláròsọ tí ì bá ro irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti sú mi láti ya odò, òun ni mo máa ń padà lọ wò.

Odò yìí kan náà ní ẹ̀kọ́ mìíràn fún ẹni tó ń kọ ìtàn. Ní 1796, Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Skọ́tílándì, dé Ségù ní Màlì, ó rí i pé ìlà-oòrùn ni odò náà ń ṣàn lọ. James Rennell, tó ń ya máàpù ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé odò náà kò lè dé òkun gúúsù. Nínú máàpù rẹ̀ ti 1798, ó ya ọ̀wọ́ òkè ńlá kan la ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já, èyí tí wọ́n ń pè ní Òkè Kong. Òkè náà kò sí rárá. Àwọn ayamáàpù yòókù ń dà á kọ láti orí ti ara wọn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí Louis-Gustave Binger, ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé kan, fi gba àgbègbè náà kọjá láàrin 1887 sí 1889 tí kò bá òkè kankan níbẹ̀. Nítorí náà, máàpù méjì ni kí ẹ ní. Ọ̀kan jẹ́ òtítọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa wò ó. Èkejì ni èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn inú ìtàn yín. Ta ló yà á? Ibo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dé? Kí ló fi dí ibi tí kò dé? Èyí kejì ló yẹ kí òǹkàwé rí.

Lẹ́yìn odò, ó kan afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọfà kékeré tọ́ka síbi tí afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò ti ń wá. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí i ló máa mu omi, ẹ̀yìn òkè á gbẹ. Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù lápá òkun, òjò ọdún kan tó nǹkan bíi 10,000 mìlímítà. Lẹ́yìn òkè kan náà, kò tó ìdajì rẹ̀. Báyìí lẹ ó ṣe mọ ibi tí igbó kìjikìji ti máa parí tí ọ̀dàn ti máa bẹ̀rẹ̀, ilà yẹn sì ṣe pàtàkì gan-an nínú ìtàn. Ẹṣin wà lára agbára Ọ̀yọ́ Ilé, orí ọ̀dàn sì ni ẹṣin ti lè sáré. Nínú igbó, àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri a máa pa á. Ẹni tó bá mọ ibi tí igbó ilẹ̀ rẹ̀ wà ti mọ ibi tí ogun ẹlẹ́ṣin máa ti dúró.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó padà sí etíkun yín. Ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ tún un ṣe. Níbi tí ọ̀wọ́ òkè bá ti wọ òkun, kó rí gbágungbàgun, kí erékùṣù díẹ̀ sì tẹ̀ lé ọ̀wọ́ náà lọ sínú omi. Níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá ti pàdé òkun, kó lọ gbọọrọ. Lápá Àgbádárìgì sí Èkó, ìgbì a máa gbá iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, iyanrìn náà á di ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀sà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹnu òkun jíjìn tó gún wọ inú ilẹ̀ Nọ́wè, yìnyín ló gbẹ́ wọn, wọn ò sì bá ilẹ̀ olóoru mu. Àwọn kan máa ń da ìrẹsì sórí bébà kí wọ́n sì fa ilà yí i ká. Etíkun tó ń ti ibẹ̀ jáde rẹwà, àmọ́ kì í bá òkè àti odò inú rẹ̀ mu, mi ò fara mọ́ ọn.

Ní ti irinṣẹ́, bébà A2 (tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin A4) tó nípọn dára, 200 gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan sókè. Bí sẹ̀ǹtímítà kan bá dúró fún 50 kìlómítà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù á gba ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 kìlómítà, ẹlẹ́sẹ̀ tó ń rin 30 kìlómítà lójúmọ́ á sì lo nǹkan bí ọjọ́ méjì lórí sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ ya ìwọ̀n náà bí rúlà kékeré sí igun máàpù, ẹ má kọ ọ́ ní nọ́ńbà nìkan, torí bí wọ́n bá sún máàpù náà kì, rúlà yẹn á bá a sún kì. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti odò kí ẹ tó ya òkè àti igi, kí òkè lè yà fún orúkọ. Ẹ tẹ́ bébà mọ́ abẹ́ ọwọ́ kó má ba pẹ́ńsù jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún tàdáwà. Wọ́n ti ta ọ̀kan fún mi pé omi kì í fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀dà olómi (watercolour) kàn án, gbogbo odò mi sì ṣàn di òkun. Látìgbà náà, orí àjákù bébà ni mo ti ń dán an wò: mo fa ilà, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tútù nù ún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ohun yòówù tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Tí ẹ bá ti fi pẹ́ńsù ya ilẹ̀ gíga àti odò tán, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi síbí kí tàdáwà tó kàn án. Màá bá yín wò ó ní odò kọ̀ọ̀kan.