Ṣọ́ọ̀bù tí ó gba owó yín ni kí ẹ dì mú

Arábìnrin wa, ẹ ní fíríìjì tí ẹ rà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn kò mú nǹkan tutù mọ́, àti pé nígbà tí ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọjọ́ 28 tí àwọn fi ń gba ọjà padà ti kọjá, kí ẹ lọ pe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Irú ìpè yẹn ni ó dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, tí ó sì ná mi lówó.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni tèmi. £429 ni mo rà á ní oṣù kẹta ọdún 2021. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún nígbà tí ó bá ń fún aṣọ, bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta bọ́ sí. Láìpẹ́, mo ń rí àbàwọ́n gíríìsì dúdú ní ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí àwọn ọmọ mi ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé, èyí tí ọṣẹ kankan kò lè mú kúrò. Ṣọ́ọ̀bù ní kí n pe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, mo sì pè wọ́n. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ ní òun kò rí nǹkan kan. Èkejì ní béárìn, irin tí ìlù ẹ̀rọ náà ń yí lórí rẹ̀, ti jẹ, pé òun yóò ra òmíràn. Ẹ̀kẹta pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo náà padà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń fi òní dónìí, tí wọ́n ń fi ọ̀la dọ́la yìí, mo ń wọ́ àpò aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ tí a ń sanwó sí, mo sì ń da rìsíìtì wọn nù, èyí tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ gidigidi, nítorí mo lè béèrè fún owó yẹn pẹ̀lú.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀tọ́ mi wà. Consumer Rights Act 2015, òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, ni òfin náà. Ó ní ẹni tí ó ta ọjà fún yín ni yóò dáhùn bí ọjà náà kò bá dára tó bí ó ti yẹ. Gáráńtì ilé-iṣẹ́ jẹ́ àfikún, kò sì lè rọ́pò ẹ̀tọ́ yìí. Bí àléébù bá hàn láàárín ọjọ́ 30, ẹ lè dá ọjà padà kí ọjọ́ 30 náà tó pé, kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé àléébù náà ti wà lára ọjà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá, àyàfi bí olùtajà bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àǹfààní kan ṣoṣo ni ó ní láti tún un ṣe tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀ lówó ara rẹ̀, láìfi yín sínú ìnira púpọ̀. Bí àtúnṣe náà bá kùnà, ẹ lè dá ọjà náà padà kí wọ́n sì san owó yín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin ni ẹ óò máa wá ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ ní England àti Wales, márùn-ún ní Scotland.

Nígbà tí mo padà lọ fi òfin yìí hàn wọ́n, wọ́n ní àtúnṣe tó kùnà yẹn kì í ṣe ti àwọn, pé ti ilé-iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ariwo ẹ̀rọ náà lọ. Ohun tí ó yọ mí ni ímeèlì kan tí akọ̀wé wọn ti fi ránṣẹ́ sí mi, nínú èyí tí ó kọ ọ́ pé ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà ni àwọn máa ń lò fún àtúnṣe ọjà àwọn. Nítorí náà, ẹ kọ ìwé, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ pé lábẹ́ section 23 (abala 23) òfin náà, ẹ fún ṣọ́ọ̀bù láǹfààní kan ṣoṣo tí ó ní láti tún un ṣe, àti pé bí wọ́n bá ní kí ilé-iṣẹ́ ṣe é, lórúkọ ṣọ́ọ̀bù ni. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, ìwé báǹkì tí owó náà hàn nínú rẹ̀ tó fún ẹ̀rí. Bí ó bá sì jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì ni ẹ fi san án, tí iye rẹ̀ ju £100 lọ tí kò ju £30,000 lọ, section 75 Consumer Credit Act 1974, òfin lórí ríra ọjà láwìn, mú kí ilé-iṣẹ́ káàdì náà jẹ́ ẹni tí ẹ lè béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Káàdì báǹkì lásán ni èmi lò.

Mo fún wọn ní ọjọ́ 14 nínú lẹ́tà ìkẹyìn, wọ́n kọ etí ikún sí i, mo sì san £50 láti pe ẹjọ́ kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a tó dé iwájú adájọ́ ni wọ́n san £380, tí wọ́n sì dá £50 náà padà. Wọ́n yọ £49 nítorí pé a ti lo ẹ̀rọ náà ju oṣù mẹ́fà lọ nígbà tí mo ní kí wọ́n gbà á padà, òfin sì fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí mo rà á, tí àtúnṣe sì kùnà kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọn kì bá lè yọ kọ́bọ̀. Oṣù méjì péré ni ó kù fún ẹ̀yin. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní alẹ́ yìí, kí ọjọ́ tí fíríìjì náà kọ́kọ́ kọ̀ láti mú nǹkan tutù wà ní ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀.