Ìbéèrè Yín: Omi oníyọ̀ etí òkun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ni ní etíkun Ìlàjẹ ní àwọn ń se omi, àwọn ń fi álọ́ọ̀mù sí i, síbẹ̀ iyọ̀ kò kúrò. Mo gbọ́ pé oòrùn lè yọ ọ́. Ṣé mo lè kan ohun èlò náà fún wọn? — Káfíńtà, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ lè kàn án, ọ̀gá káfíńtà. Ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń mú rọ̀ sísàlẹ̀, kò lè mú iyọ̀ tó ti yòrò. Sísè tiẹ̀ tún ń dá kún un: omi ń fẹ́ lọ, iyọ̀ ń dúró. Irú omi tó máa ń sun lábẹ́ ọmọrí ìkòkò lẹ fẹ́ gbà.

Ẹ kan àpótí mítà 1 níbùú àti lóòró. Ẹ fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ kí ooru má bàa sá, kí ẹ wá tẹ́ rọ́bà dúdú tó nípọn lé e. Ẹ má lo páànù, iyọ̀ yóò jẹ ẹ́. Gíláàsì ni ẹ ó fi bò ó, kó dagẹ̀rẹ̀ sí gúúsù, kí ẹ̀yìn fi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 ga ju iwájú lọ. Abẹ́ etí iwájú ni gọ́tà kékeré yóò wà, tí yóò gbé omi lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù dí gbogbo oríkèé rẹ̀. Ooru tó bá rí ihò sá, omi yín ló lọ yẹn.

Wọ́n lè ní kí ẹ lo ọ̀rá dípò gíláàsì. Ẹ má gbà. Lára ọ̀rá, omi máa ń ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, yóò dí oòrùn lọ́wọ́, yóò sì já padà sínú omi iyọ̀. Lára gíláàsì tó mọ́, ńṣe ló ń tẹ́ pẹlẹbẹ, tó ń ṣàn wá sí gọ́tà.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní Iléṣà: iyọ̀ gíráàmù 700 sínú omi lítà 20, bí omi òkun ṣe máa ń rí nìyẹn. Yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà 2 nínú àpótí. Bí omi inú kẹ́ẹ̀gì bá níyọ̀, àpótí yín kò tẹ́jú, omi iyọ̀ ń kún bọ́ sí gọ́tà. Ẹ da omi ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tó ń rùn bí rọ́bà nù. Láràárọ̀ ni kí wọ́n máa da omi iyọ̀ tó ṣẹ́kù nínú àpótí nù, kí iyọ̀ má bàa dì.

Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, nǹkan bí lítà 3 ni àpótí kan ń mú wá. Ènìyàn 5 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń lo lítà 3 lójúmọ́ nílò àpótí 5. Nígbà òjò, omi òrùlé ló yá.

Fún odidi abúlé, àpótí kò ní í tó. Asẹ́ tí sólà ń gbé pọ́ǹpù rẹ̀ ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ó kọjá iṣẹ́ káfíńtà: psi (ìwọ̀n agbára tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ tàbí omi) 30 sí 35 ni fọkanáísà ń fún táyà mọ́tò, asẹ́ omi òkun ń fẹ́ 800 sí 1,000. Kílórììnì, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú omi, sì máa ń ba awọ tó ń sẹ́ iyọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún wọn: omi tó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì, wọn kò gbọdọ̀ dà á sínú àpótí. Epo náà máa ń bá ooru gòkè, yóò sì bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú omi mímu.