Ọmọ mi ní ìbò òun kò wúlò ní Texas

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Houston la wà. Ọmọbìnrin mi ti pé 17, ibí la bí i sí. Ó ní àwọn olóṣèlú ti pín ẹkùn ìdìbò bó ṣe wù wọ́n, pé kí kálukú kàn máa wá ti ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má bá a jiyàn lórí ti ẹkùn, òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n máa ń tún un pín, ṣùgbọ́n ní 2025 ilé aṣòfin Texas tún un pín kí àsìkò tó tó, kí ẹgbẹ́ Republican lè rí ìjókòó márùn-ún sí i ní ilé aṣojú Washington. California náà fi ìdìbò Nóvẹ́ḿbà ọdún yẹn tún ẹkùn tirẹ̀ pín láti gbè sẹ́yìn Democrat. Láti 2019 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ní àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kò lè dá sí irú ìpín tó ń ṣègbè fún ẹgbẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé nínú ẹkùn tí wọ́n gé báyìí, ẹni tó bá borí nínú ìdìbò abẹ́lé fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán.

Nítorí náà, ìdìbò abẹ́lé oṣù Kẹta ni kó mú ní pàtàkì; àwọn tó ń jáde fún un kì í pọ̀. Texas kì í forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́: ọjọ́ ìdìbò ni yóò yan ti ẹgbẹ́ tó wù ú. Àmọ́ tó bá ti dìbò nínú ti ọ̀kan, kò lè bọ́ sí ti èkejì nígbà àtúndì oṣù Karùn-ún. Ìpín ẹkùn kò sì kan ìbò gómìnà tàbí ti sẹ́nétọ̀ Washington. Gbogbo Texas ni wọ́n ń kà pọ̀.

Ti pé kí kálukú wá ti ara rẹ̀, ẹ fi ilé-ìwé rẹ̀ hàn án. Owó orí ilé wà lára ohun tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ẹni tí kò bímọ náà ń san án. Ohun àjọni ni. Ẹ wádìí ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀: ní Houston ISD, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso ilé-ìwé ìjọba ní Houston, ní 2023, ìpínlẹ̀ yan ìgbìmọ̀ tirẹ̀ rọ́pò èyí tí aráàlú dìbò yàn.

Tó bá ti pé ọdún 17 àti oṣù mẹ́wàá, ó lè forúkọ sílẹ̀. Kó tẹ fọ́ọ̀mù jáde, kó fi bírò fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́ sí káúntì, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Orúkọ wa ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: kó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí láísẹ́ǹsì, kó má gé Olúwa kúrò lára rẹ̀. Káàdì ilé-ìwé kò tó fi dìbò. Tó bá kó lọ sí yunifásítì, kó pààrọ̀ àdírẹ́sì, torí ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń fi káàdì ìdìbò ránṣẹ́. Bí káàdì náà bá padà sọ́dọ̀ káúntì, orúkọ rẹ̀ á bọ́ sínú àwọn tí wọ́n lè yọ dànù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń lo gíríìn káàdì nínú ilé, tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yẹn, kódà bí òṣìṣẹ́ bá gbé e fún un ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Láti òfin 1996, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá a padà sílé.

Kò sì níláti dúró dìgbà tó bá pé 18. Ọmọ orílẹ̀-èdè yìí tó ti pé 16, tó ṣì wà nílé-ìwé, lè ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìdìbò ní Texas, bí òbí àti ọ̀gá ilé-ìwé bá fọwọ́ sí i. Káúntì ni kí ẹ ti bèèrè fọ́ọ̀mù rẹ̀.